Kí Ọ̀nà Ọrùn Tó Dí

Ọjọ́ Àìkú, 14 Ọ̀pẹ̀

Dókítà ní Bàbá lè máa múra ilé. Ojú ọ̀tún ń jiná. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi sínú ẹyinjú náà nígbà iṣẹ́ abẹ kò tíì tán, kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí yóò fi tán pátápátá. Bí ọkọ̀ bá gbé e lọ sókè, afẹ́fẹ́ náà á wú, ojú á bá a lọ.

"Ó ń mì lójú mi bí omi inú ìgò," Bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Ó ku ọ̀nà ilẹ̀. Láti Reykjavík níbí títí dé ilé Bàbá ní Hrafnavík, nínú oṣù Ọ̀pẹ̀, pẹ̀lú bàbá arúgbó olójú kan. Mo rẹ́rìn-ín níwájú dókítà. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Ọjọ́ Kẹtàlá Kérésì, ọkọ̀ agbáyìnyín kì í gun Ọrùn mọ́. Ọrùn ni òkè tó wà láàárín ilé wa àti ayé yòókù. Wọ́n á fi ọ̀nà sílẹ̀ fún yìnyín títí di òpin oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tó wà lóhùn-ún wà lóhùn-ún, ẹni tó wà níhìn-ín wà níhìn-ín. Bí Bàbá kò bá dé ilé kó tó di ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti lo ìgbà òtútù, ní àjà kẹta, pẹ̀lú fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé búrẹ́dì.

Ó sọ èrò rẹ̀ nígbà tí à ń mu kọfí. Kò gbóhùn sókè. "Bí mo bá lo ìgbà òtútù níbí, àpótí òkú lo máa fi gbé mi lọ nígbà ìrúwé. Ìyẹn gan-an á rọrùn fún ẹ. Wọn kì í bi òkú léèrè afẹ́fẹ́ ojú."

Kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ó pe Oddný, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Oddný ni aládùúgbò rẹ̀ kan ṣoṣo ní Hrafnavík. Opó ni, odò kékeré ló wà láàárín ilé méjèèjì, òun ló sì ń bọ́ àgùntàn tirẹ̀ àti ti Bàbá láti ìgbà tí Bàbá ti wà lọ́dọ̀ mi. Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ. "Níbo ló ti ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín? ... Níbí kò sí rárá, ilé ti dí i." Ó fetí sílẹ̀. "Ó dáa." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ afẹ́fẹ́. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Ọ̀pẹ̀

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Máàpù bo tábìlì, a jẹun lórí ìdúró.

Ọjọ́ méjì, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọjọ́ kìíní dé Klettavík, sọ́dọ̀ Kolbeinn àbúrò mi, nísàlẹ̀ Ọrùn. Ọjọ́ kejì, Ọrùn nìkan. Ojúmọmọ nìkan la ó máa rìn — ojúmọmọ tí kò ju kí ènìyàn jẹun àárọ̀ kó sì fọ abọ́ lọ ní àsìkò òtútù yìí. A kò ní kọjá ilé epo kankan láìrọ epo. Bí afẹ́fẹ́ bá ju bó ti yẹ lọ, a ò lọ. Bí wọ́n bá kun ọ̀nà ní pupa, pé ó ti dí, lórí máàpù ojú ọ̀nà inú ẹ̀rọ, a ò lọ. Bí ojú bá ń dun Bàbá, a ò lọ. Bí n kò bá rí ọ̀pá mẹ́ta níwájú mi — àwọn ọ̀pá aláwọ̀ ìyeyè tó ń fi etí ọ̀nà hàn nínú yìnyín — mo yí padà. Láìjiyàn.

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo fi ń jẹun, mo sì ti ka ìwé àwọn tó rin orí yìnyín ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àwọn tó kú nínú wọn ló ní ètò. Ètò ẹlòmíràn dára ju tèmi lọ. Kí wá ni ètò? Àdúrà ẹni tí kò gbàgbọ́, bóyá.

Mo kà á fún Kolbeinn lórí fóònù. Mẹkáníìkì ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ adóòlà ní Klettavík, àwọn tó ń jáde nígbà tí gbogbo ayé bá ń wọlé. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ètò yín dáa o. Ètò àìlọ ni."

Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn.

"Ẹ ka iye 'bí' tó wà nínú ẹ̀. Kódà èmi tí mò ń ti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, ètò yìí ò ní jẹ́ kí n dé ìdí kọfí."

Ọjọ́rú, 17 Ọ̀pẹ̀

Mo ka 'bí' náà. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Ọ̀pẹ̀

Mo di ẹrù sínú Abuké. (Ọkọ̀ mi. Àpótí tó wà lórí rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.) Táyà oníṣó, tó ń di yìnyín mú, ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé. Ṣọ́bìrì, okùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àbẹ́là, tọ́ọ̀ṣì, fúláàsì, pánlá pẹ̀lú bọ́tà. Bàbá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú kan wò mí.

"Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ wà ni, àbí ìsọ̀ lo fẹ́ ṣí?"

Mo ní ẹni tó bá múra sílẹ̀ —

"Ẹni tó bá múra sílẹ̀ kì í ránṣẹ́ pe ènìyàn. Ta ló kọ́ ẹ?"

Òun ni. Níhà tiwa, bí ẹgbẹ́ adóòlà bá lọ gbé ènìyàn lórí òkè, ẹnikẹ́ni kò ní bú u. Wọ́n á kàn máa rántí rẹ̀ nídìí kọfí, lọ́dọọdún, títí yóò fi kú. Wọn kò tíì lọ gbé Bàbá rí. Gbogbo etídò ló mọ̀. Ó jẹ́ oyè fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Ọ̀pẹ̀

Ọjọ́ ẹja kíkan, tí gbogbo ilé máa ń se nígbà tí Kérésì bá ku ọ̀la. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àtẹ̀gùn. Obìnrin àjà kejì kan ilẹ̀kùn, mo rò pé ó wá jà ni. Àwo ló gbé dání.

Bàbá jẹun bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí bí ẹja náà ṣe ta sí i nímú. "Wò ó, ojú tó dáa ló ń sunkún. Èkejì ò tiẹ̀ mọ̀ pé Kérésì dé."

Ọjọ́ Àìkú, 28 Ọ̀pẹ̀

Òní ni ó yẹ ká lọ. Pupa ni gbogbo ọ̀nà àríwá. Ìjì ti ti bọ́ọ̀sì kan sínú kòtò. Mo sọ fún Bàbá pé a ò lọ. Ó ti wọ kóòtù tán láti kùtùkùtù, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

"Nígbà tiwa, òkè là ń wò. A kì í wo ẹ̀rọ."

"Ojú wo lẹ fẹ́ fi wò ó?"

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ara mi. Ó bọ́ kóòtù, bọ́tìnì kan lẹ́yìn òmíràn. Kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má sì padà kà á: ṣé mò ń dáàbò bò ó ni, àbí mò ń dá a dúró? Bó bá dé ilé tó ṣubú nínú ilé àgùntàn ní oṣù Èrèlé, ta ni yóò gbé e? Oddný, tí òun náà ti dàgbà. Ìbẹ̀rù yẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ òótọ́ pé láti oṣù Bélú, ẹnìkan wà tí mò ń bá mu kọfí láàárọ̀.

Ọjọ́rú, 31 Ọ̀pẹ̀

Báńgà ń dún káàkiri ìlú. Ẹgbẹ́ adóòlà ló ń tà á. Ohun tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ wọn rìn lọ́dún nìyẹn. Bàbá kẹ̀yìn sí fèrèsé. "Gbogbo ariwo yìí, epo Kolbeinn ni."

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀nà ti funfun lórí ẹ̀rọ títí dé Klettavík, ó ṣeé gbà. Ọ̀la. Mo ti yẹ gbogbo nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá sùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ìrìnàjò lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Ṣẹ́rẹ́

Klettavík. A ti dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ìrìnàjò tó dára, tó ń rẹni nítorí pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. A mu ọbẹ̀ àgùntàn ní ilé epo. Mo sọ fún Bàbá kó fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú nígbà tó bá fẹ́ ṣí i, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbà á. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ní bí a ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó di í mú. Lẹ́yìn afárá tóóró ìkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn oko tí à ń kọjá láìwo ìta. Ó ń mọ̀ ọ́n lára títẹ̀ ọ̀nà. Kò ṣi ọ̀kan.

Kolbeinn dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. "Haa, ètò àìlọ ti dé."

Ọjọ́ Ajé, 5 Ṣẹ́rẹ́

Afẹ́fẹ́ lánàá. Afẹ́fẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó ń rọlẹ̀.

Eyvindur tó ń wa ọkọ̀ agbáyìnyín wá mu kọfí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀la ló máa gun Ọrùn kẹ́yìn. "Bí ojú bá ti là, mo ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi, kó tẹ̀ lé mi. Mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni." Mo bi í bóyá ìjì ń bọ̀.

"Ìjì ń bọ̀ nígbà gbogbo, ìyáàfin. Bóyá ó ti dé lẹ máa bèèrè."

Bàbá pe Oddný. Wọ́n sọ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, èyí tí kì í ṣe: "Ọ̀la." Mo gbọ́ ohùn Oddný nínú fóònù: "Màá tan iná."

Iná òde, gílóòbù ara ògiri ìta. Ẹni tó bá fẹ́ gun Ọrùn á pe ilé àkọ́kọ́ tó wà ní òdìkejì. Wọ́n á tan iná òde fún un, iná náà kò sì ní kú títí yóò fi dé. Ẹni tó dé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi àti Kolbeinn máa ń jà sí i, ta ni yóò pa á. Kolbeinn máa ń géni jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ Kẹtàlá

Klettavík ni mo ti ń kọ èyí. A padà.

Bàbá pe Oddný láàárọ̀: "A ti gbéra." Ó dáhùn pé iná ti ń jó. A bọ́ sẹ́yìn Eyvindur. Yìnyín ń sá kọjá lórí ilẹ̀ níwájú ọkọ̀ bí èéfín tí wọ́n lé jáde. A rí iná pupa ẹ̀yìn Eyvindur, a rí i, a kò rí i mọ́. Ibi tó gbá ti ń dí kí a tó dé ibẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin. Ọ̀pá mẹ́ta. Ní àárín òkè, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ tí ọkọ̀ lè yí, mo dúró. Ọ̀pá kan ni mo rí.

N kò mọ ìdí tí mo fi bi Bàbá. "Mélòó lẹ rí?"

"Mẹ́ta." Kíá. Ó kọjú síwájú.

Mo yí Abuké padà.

A sọ̀ kalẹ̀ tán, a dé orí afárá, ó wá ní, "Ó dáa. O ti ṣe é." N kò mọ ohun tí mo ṣe.

Eyvindur náà padà lẹ́yìn wa. Ó dé ahéré pàjáwìrì tó wà lórí òkè gan-an, afẹ́fẹ́ sì lé e. Ó tẹjú mọ́ ife kọfí nígbà tó ń sọ ọ́, kò wo Bàbá. "Ọrùn ti dí. Ó di ìgbà ìrúwé." Wọ́n ti sún iná ńlá Ọjọ́ Kẹtàlá, èyí tí wọ́n fi ń parí Kérésì, síwájú nítorí ìjì. Kolbeinn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé ẹgbẹ́, wọ́n ń kó báńgà tó ṣẹ́ kù sínú páálí.

Bàbá ti dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Bí mo bá ní inú mi kò dùn, irọ́ ni. Ó bà mí nínú jẹ́ nítorí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Ènìyàn méjì jáde, ènìyàn méjì wọlé. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni mo ṣe, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Kolbeinn lè máa rẹ́rìn-ín. Ètò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan náà

Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ parí, Bàbá kò dìde sí fóònù. Mo rò pé ìtìjú ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ẹ ò ní pe Oddný ni?"

Ó yíjú kúrò lára ògiri. "Ṣebí ìwọ lo pè é nígbà tá a padà."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń pè é."

Ó dìde jókòó.

A pè é. Ó ń dún. A tún un pè. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún nínú ilé ìdáná yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo mọ orí tábìlì tó wà.

Nínú ètò mi: bí a bá dé, kí a pè. Bí a bá yí padà — yíyí padà wà níbẹ̀, bí a ṣe máa yí i, ibi tí ọkọ̀ ti lè yí. Pé ẹnìkan ń retí wa, kò sí níbẹ̀.

"Ó ti jáde," Bàbá wí.

Mo ní bóyá ó wà ní ilé àgùntàn.

"Ó ti gbé katakata jáde. Ó ń wá mi." Ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé òun náà lè lọ. "Kò lè pe ẹgbẹ́ adóòlà nítorí mi. Ó mọ̀ pé ojú á tì mí."

Mo sáré lọ sí ilé ẹgbẹ́. Wọ́n fi báńgà sílẹ̀. Kolbeinn wo ojú mi nígbà tó ń de okùn bàtà. Mo retí kó bú mi. "Iná yẹn ti ń jó láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Ìyẹn nìkan. Ọkọ̀ orí yìnyín wọn gba ìdí ilé kọjá lọ sókè, ìjì sì gbé ariwo rẹ̀ mì.

Ọjọ́rú, 7 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ti padà lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò rí imú ọkọ̀ tí wọ́n jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n mu nǹkan gbígbóná, wọ́n tún lọ. Kolbeinn kò bọ́ ìbọ̀wọ́.

Oddný àti Kolbeinn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló wà lórí òkè yẹn nítorí mi báyìí. Èmi tí mo yí padà kí ẹnikẹ́ni má bàa wà níbẹ̀.

Bàbá jókòó sí fèrèsé. Gíláàsì ti funfun pátápátá, kò sí ohun tí ojú tó dáa pàápàá lè rí. Ó bi mí léèrè láìyíjú. "Níbo ló ti ń fẹ́?"

"Àríwá."

"Ó dáa."

Ó tún bi mí. Mo tún dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é títí ojú ọ̀run fi bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Wọ́n ti rí i. Ó wà láàyè.

—

Katakata Oddný yà kúrò lọ́nà, òun fúnra rẹ̀ ṣubú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Ó rìn láti ọ̀pá dé ọ̀pá títí ó fi dé ahéré pàjáwìrì. Kolbeinn ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín:

"Ó jókòó. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Rédíò ìpè wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ báyìí, bátìrì ẹ̀ kún dẹ́nu. Mo ní, Màmá Oddný, kí ló dé tẹ́ ò pè wá? Ó ní òun ò fẹ́ da iná Ọjọ́ Kẹtàlá wa rú."

Mo ka ìwé títí, n kò rí irú èyí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ó yé gbogbo wa nínú yàrá náà.

Òtútù ti jẹ ìka ọwọ́ Oddný méjì, wọ́n funfun bí àbẹ́là. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré Klettavík. Oddný wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hallvarð. O pẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Mo rí i."

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ tí wọn kò fi báńdéèjì wé mú. Mo jáde lọ wo yìnyín.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n gbé Oddný lọ sí gúúsù, sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà rò pé wọn kò ní gé àwọn ìka náà. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé orí sókè. "Ta ni yóò fún wọn ní koríko?"

Àwọn àgùntàn. Ilé méjèèjì. Wọn kò tíì jẹun láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Èmi," Bàbá wí.

Oddný wo ojú ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkankan. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Àwa ni."

Kolbeinn mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ orí yìnyín yóò gbé wa kọjá lọ́la, ó ní, ìjì ti lọ. "Àmọ́ títí ìrúwé ni o, ẹ̀gbọ́n. Kò sí 'bí' kankan nínú èyí."

Mo mọ̀. Mo pe ilé ìkàwé. Ọ̀gá bi mí pé ìsinmi náà di ìgbà wo. Mo ní títí ọkọ̀ agbáyìnyín yóò fi dé. Ìyá rẹ̀ wá láti ìhà etídò. "Kó gbogbo ìwé tí o bá lè kó," ó wí.

Mò ń di ẹrù. Bàbá ń wò mí láti orí àga.

"Mi ò rí ọ̀pá kankan níjọ́un. Iye tí ètò rẹ ń fẹ́ ni mo pè."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀. O wá bi mí?"

Mo fi ìwé kan kún ẹrù. Láti ìgbà tó ti lọ sùn ni mo ti ń wá ohun tí ǹ bá fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Ṣẹ́rẹ́

Hrafnavík.

Láti orí Ọrùn ni a ti rí i, kí a tó rí òkun, kí a tó rí òrùlé kankan. Iná òde. Ó ti ń jó láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tọ̀sán tòru, lára ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Kolbeinn dá ọkọ̀ dúró díẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ó ń jó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mò ń rí nǹkan kan tó mọ́lẹ̀," ó wí, "ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ojú."

Igbe àwọn àgùntàn ni a kọ́kọ́ gbọ́. A fún wọn ní koríko, ti ìhín àti ti òdìkejì odò. Mo rò pé èmi ni n ó máa fọwọ́ mú Bàbá rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Èmi ni mo kọlu òpó. "Rọra, ará ìlú," ó wí.

Nígbà tí a wọ ilé Oddný, mo lọ gbé ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń pa iná.

"Fi í sílẹ̀. Kolbeinn ń padà lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin yẹn ti wà lórí òkè.

Mò ń kọ èyí lórí tábìlì ìdáná Oddný. Ife rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e sí lọ́jọ́ náà, kọfí inú rẹ̀ ti dì. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà díẹ̀ nígbà tí Kolbeinn lọ. Ó yẹ kó ti pè. Afẹ́fẹ́ ti yí; Bàbá gbọ́ ọ nínú símínì kí èmi tó gbọ́ nǹkankan. Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó gbé e. Ta ni ó kù tí n ó pè? Àwọn tí à ń pè ni wọ́n wà lórí òkè.

Mo mọ ohun tó yẹ. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti fi ìlà sábẹ́ rẹ̀: dúró síbi tí o wà. Má kúrò nínú ilé. Ẹni tó jáde lọ wá ènìyàn ń sọ ẹni tí à ń wá di méjì. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. N kò rántí ìgbà tí mo wọ̀ ọ́.

Bàbá ti rí i. Ó fi ojú tó dáa wo bàtà náà títí. Kò ní kí n jókòó. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó rọra ti tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ mi.

—

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n. A ti dé. Béárìn kan nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló fẹ́ bàjẹ́ lọ́nà, a tún un ṣe. Ẹ lọ pa iná náà, ẹ̀yin lẹ ni ti òní. Ẹ má bá mi jà o."

Mo jáde lọ pa á, pẹ̀lú bàtà náà. Fún ìgbà díẹ̀ n kò rí ohunkóhun, òkè, odò, ọwọ́ ara mi. Mo dúró títí òkùnkùn náà fi mọ́ ojú mi lára. Lẹ́yìn mi, nínú ilé, Bàbá ti ń tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ó ń fi ìka wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ẹni tó ń wá.

"Àríwá ló ti ń fẹ́ níbí," ó ń wí fún un. "Kò le. Báwo ni tọ̀hún?"